Apá Òsì Táòfíkì

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ Kwara gbé ife béèsìbọ́ọ̀lù bọ̀ wálé lọ́dún 1992, èrò tó kún iwájú Òtẹ́ẹ̀lì Olókùúta pọ̀ débi pé bí ènìyàn bá ju abẹ́rẹ́ sókè, kò ní rí ilẹ̀ bọ́ sí. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró sí, eruku ọ̀nà ti kùn wọ́n lójú bí ẹni fi àtíkè pupa para. Hajarat wà lẹ́yìn káńtà níbi tó ti ń pín kọ́kọ́rọ́ yàrá, ó na ọrùn gba ojú fèrèsé kí ó lè rí ife náà. Ife kọ́ ló rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló rí, ó ga, ó dúdú bí kóró iṣin. Àwọn yòókù ń jó, wọ́n ń pariwo, òun kàn di irin ọkọ̀ mú bí ẹni tí ariwo ń dẹ́rù bà. Ó gbójú sókè. Láàárín gbogbo orí tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wá bá ojú Hajarat, ó sì dúró síbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin já bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kí ló dé? Ṣé o rí iwin ni?" Martha ló béèrè, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe olórí àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn. Ó fi ọdún mẹ́wàá ju Hajarat lọ, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan.

"Kò sí nǹkan, Àǹtí Martha."

"Nǹkan náà ga, mo rí i."

Àsìkò yẹn ni àwọn ọmọ náà ya wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dúró níwájú káńtà, ó nawọ́.

"Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹsàn-án, sìsítà."

Ọwọ́ òsì ló nà. Hajarat fa kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn.

"Bùọ̀dá, ṣé ọwọ́ yẹn lẹ fi ń gba nǹkan nílé yín?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ tó gba ife fún Kwara lò ń bú yẹn o! Ká ní ọ̀tún ni Táòfíkì fi ju bọ́ọ̀lù ni, ẹkún la ò bá máa sun bọ̀ láti ọ̀nà."

Ojú ti Táòfíkì. Ó yára fi ọwọ́ ọ̀tún rọ́pò. "Ẹ má bínú. Òun ló máa ń ṣíwájú mi jáde."

Ẹni tí kò bá mọ Òtẹ́ẹ̀lì Olókùúta nígbà náà lè máa rò ó pé kí ló dé tí wọn kò gbé ife náà lọ sí ibòmíràn. Láyé ìjọba òyìnbó ni wọ́n ti fi òkúta gbígbẹ́ mọ ọ́n, kí àwọn aláṣẹ tó bá ń gba Ìlọrin kọjá lọ sí Òkè Ọya lè rí ibi sùn. Òyìnbó lọ tán, òtẹ́ẹ̀lì kù. Ìgbà tó yá, àlejò kan láti òkè òkun, olùkọ́ ni, wá wọ̀ sí yàrá kejì níbẹ̀. Ó kó ìbọ̀wọ́ awọ mẹ́fà àti igi méjì jáde nínú àpótí, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní eré tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, kí ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù, kí ẹlòmíràn fi igi gbá a, lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé. Wọn kò ní ohun tí wọ́n máa fi ṣe béèsì, ibi tí ẹni tó bá gbá a máa sáré dé. Ìrọ̀rí òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Martha, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nígbà náà, ló ń fọ̀ wọ́n, ó sì ń búra lójoojúmọ́ pé òun á fẹjọ́ wọn sùn. Kò fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ náà padà sílùú rẹ̀, eré náà kò bá a lọ.

Láti ìgbà náà ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù ti sọ ibẹ̀ di ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn bí ìdíje bá ń bọ̀. Àdírẹ́sì ibẹ̀ ni wọ́n fi ń gba lẹ́tà. Bí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè bá pe ẹnikẹ́ni nínú wọn sí Èkó, àárọ̀ ni ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì máa ń ka lẹ́tà ìpè náà sókè ní yàrá oúnjẹ, àwọn alásè á máa lu ìkòkò, wọ́n á sì ya fọ́tò ẹni náà, wọ́n á fi kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fọ́tò mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ lọ́dún náà. Gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ìkẹsàn-án máa wà. Wọ́n tilẹ̀ ti kan ìṣó síbẹ̀ de Táòfíkì.

Ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Kí oṣù kẹjọ tó parí, Hajarat ti dá ìró bàtà Táòfíkì mọ̀ láàárín ìró bàtà ogún ènìyàn. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lọ́nà Afọ́n. Ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn nílé wọn, òun ni wọ́n sì máa ń ní kó ṣọ́ ẹyẹ. Ó ní òkò tí òun ń sọ lu ẹ̀gà nígbà náà ni òun ṣì ń sọ, pé ó kàn ti di funfun, tó sì ní òwú pupa lára ni. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò dúró lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, yóò máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ àpótí tí wọ́n fi ẹfun yà sára ògiri òkúta. Gbàù! Gbàù! Àwọn àlejò á máa yọjú lójú fèrèsé. Bó bá rẹ̀ ẹ́, yóò jókòó sórí àtẹ̀gùn, Hajarat á gbé omi tútù fún un.

Orí àtẹ̀gùn yẹn ló ti ṣàkíyèsí pé apá òsì náà kì í nà tán. Bí Táòfíkì bá na méjèèjì síwájú, ọ̀tún á gún régé bí ọ̀pá, òsì á sì wọ́ díẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Rárá o. Bọ́ọ̀lù ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kóòṣì ní bẹ́ẹ̀ ni apá àwọn tó bá ń jù ú dáadáa ṣe ń rí. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà."

"Ẹ kúkú ti di onígbọ̀nwọ́ wíwọ́."

"Ìwọ lo sì máa fẹ́ onígbọ̀nwọ́ wíwọ́."

Hajarat fi ìborùn bo ẹnu. Kò sọ pé rárá.

Ṣùgbọ́n ilé wọn ńkọ́? Kò sí ará Ọjà-Ọba tí kò mọ Àáfáà Àbdùlkàdírì, bàbá Hajarat. Eegun ló ń tò. Ẹni tó já lórí igi ìgbá, ẹni tí ọkọ̀ gbá, ẹni tí màlúù tẹ̀ mọ́lẹ̀, gbígbé ni wọ́n ń gbé wọn wá sí ìloro rẹ̀, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rìn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ní àánú, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í gbójú fò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá tọrọ Bàríkísù, ẹ̀gbọ́n Hajarat. Ó bu dàbínù sínú abọ́ wá, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé e síwájú bàbá, torí ọ̀tún ló fi di fìlà tí atẹ́gùn fẹ́ gbé lọ mú. Bàbá wo abọ́, ó wo ọmọkùnrin náà. Ó ní, "Máa gbé e lọ. Ohun tí wọn ò kọ́ ọ nílé tó bí ọ, èmi ò ní fi ọmọ mi kọ́ ọ." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Bàríkísù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Jẹ́bà ló wà báyìí, nílé ẹlòmíràn.

Nígbà tí Táòfíkì wá ní òun fẹ́ wá kí Bàbá, Hajarat bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọwọ́ ọ̀tún ní ìwà. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, Martha á wé táwẹ́ẹ̀lì funfun mọ́rí bí láwàní, á gun àpótí jókòó, á mú ojú le.

"Èmi ni Àáfáà. Gbé dàbínù wá, ìwọ ọmọ yìí."

Táòfíkì á kúnlẹ̀, á gbé abọ́. Òsì!

"Asitagafurulai! Èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́ pàápàá ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ!"

"Àǹtí, bí ẹ̀rù bá ti bà mí báyìí, òun ló ń yára jáde. Wàlláhì, mi kì í mọ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, Hajarat kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá gbójú sókè lórí ibùsùn, bí ẹni pé ojú Bàríkísù tó wú fún ẹkún ló wà lára àjà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, òun ló mú àbá wá, kò sí ẹlòmíràn tó mú un wá, ó sì ní láti máa rántí èyí títí ayé rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dì í. Ká fi báńdéèjì dì í mọ́ àyà yín. Ẹ ní ẹ ṣubú. Kò ní lè jáde mọ́ nìyẹn."

Martha bọ́ láwàní rẹ̀. "Ilé ẹni tó ń to eegun lẹ fẹ́ gbé ọwọ́ dídì lọ?"

"Bàbá kì í fọwọ́ kan ẹni tí kò bá bẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n sáà ti ní ọsibítù ti tọ́jú ẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Táòfíkì dé. Ó wọ agbádá bàbá rẹ̀, báńdéèjì funfun di apá òsì rẹ̀ gbọingbọin mọ́ àyà. Ó kúnlẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé dàbínù kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba omi. Hajarat wà lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú abọ́ ìmumi, ó ń ka ohun gbogbo tí ọwọ́ náà ń ṣe. Bàbá béèrè ilé wọn, ó béèrè ìrun rẹ̀, ó béèrè oko. Inú rẹ̀ ń dùn, ó hàn nínú ohùn rẹ̀. Alhamdulilai, Hajarat ní nínú ọkàn rẹ̀, ó ti bọ́ sí i.

Bàbá wá ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Mo ṣubú ni, Bàbá. Ọsibítù ti tọ́jú ẹ̀."

"Ó tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá, sà."

"Ṣún mọ́ mi."

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Ó ti..."

"Ìwọ tó fẹ́ di ọmọ mi, kí o jókòó níwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ dídì, kí n má wò ó? Kí làwọn ará Ọjà-Ọba ó ti wí sí i? Pé alágbẹ̀dẹ ò ní ọ̀bẹ nílé?"

Ó ń tú báńdéèjì náà bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó na apá méjèèjì Táòfíkì síwájú, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀tún gún régé. Òsì wọ́. Bàbá mi orí, ó fi àtàńpàkò tẹ ìgbọ̀nwọ́ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó tún mi orí.

"Subuhanalai. Wọ́n ti tò ó sódì fún ọ, ọmọ mi. Ó ti ń jinná síbi tí kò yẹ. Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ lọ báyìí, bó ṣe máa wọ́ títí ayé nìyẹn."

Táòfíkì gbójú sókè, ó wo ojú kọ́tìnnì. Ojú rẹ̀ bá ojú Hajarat. Kí ni kó sọ? Bó bá ní kò sí ohun tó ṣe apá náà, irọ́ lòun kọ́kọ́ pa fún Bàbá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí Hajarat bá ya kọ́tìnnì tó ní "Bàbá, ẹ dúró, èmi ni," òun ló kọ́ ọkùnrin ní irọ́ láti fi tan bàbá tó bí i. Hajarat ya ẹnu. Ó mọ̀ pé òun ya ẹnu. Ohùn kò jáde, bí ìgbà tí ènìyàn ń lálàá pé ẹranko ń lé òun, tí ẹsẹ̀ kò sì gbé. Bàbá ti pe ọkùnrin méjì wọlé.

"Ẹ dì í mú léjìká. Jẹ́ kí ara ẹ dẹ̀, ọmọ mi. Bisimilai."

Ìró tí ìgbọ̀nwọ́ náà dún kò pọ̀. Bí ẹní ṣẹ́ igi ìdáná tútù ni. Táòfíkì kò ké. Òógùn bò ó lójú, ètè rẹ̀ funfun, ó wá gbé ẹ̀rín kan kalẹ̀ tí Hajarat ò ní fẹ́ rí mọ́ láéláé.

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Ọkùnrin ni!" Bàbá fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ rí i bí? Kò ké! Mo ti to eegun àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n sunkún ju èyí lọ. Hajarat! Hajarat dà? Gbé omi wá fún ọkọ ẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi Hajarat fún Táòfíkì. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì sí lẹ́yìn ìkórè.

Apá náà gún. Ẹ ò rí ohun tó gún bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wíwú rẹ̀ lọ, Táòfíkì na méjèèjì lórí àtẹ̀gùn, wọ́n dọ́gba bí ìbejì. Ó dìde, ó mú bọ́ọ̀lù, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ, ó balẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Ó yí dé ìdí ògiri fúnra rẹ̀.

Dókítà ya fọ́tò eegun, ó ní eegun kò ṣẹ́, iṣan ló já. Ó ní kó fi sílẹ̀ kó sinmi. Ìgbà wo ló máa san? Ó ní ẹlòmíràn ń lo oṣù mẹ́fà, ẹlòmíràn ń lo ọdún, ẹlòmíràn kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Táòfíkì kò sọ fún kóòṣì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjà-Ọba, kò sì bá Hajarat wí lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó bá a wí ni, bóyá ara ì bá tù ú. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń lọ sẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì kí àwọn àlejò tó jí, tó ń jù ú wò. Hajarat á dúró lẹ́yìn fèrèsé yàrá aṣọ, á máa retí "gbàù" yẹn. Kò gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Túsìdeè ni Hajarat máa ń lọ kó lẹ́tà òtẹ́ẹ̀lì ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, àpò-ìwé gígùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ láti Èkó, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wà lára wọn. Orúkọ Táòfíkì ló wà lára ìkẹta. Takisí tó gbé e gba àdúgbò Challenge kọjá, ó débi tó ti yẹ kó sọ̀, kò mọ̀. Ó ti ṣí i. Kò tíì ṣí lẹ́tà ẹlẹ́tà rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní kí Táòfíkì wà ní ibùdó l'Ékòó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, pé wọ́n ti rí i nínú ìdíje, pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó ń fi òsì ju bọ́ọ̀lù. Bí kò bá dé, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù, ó dín díẹ̀. Bóyá á san, ó ní nínú ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá dé ara ògiri, lọ́jọ́ náà gan-an ni màá gbé e fún un. Ó fi lẹ́tà náà sínú àpò rẹ̀, ó kó méjì fún ọ̀gá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ka lẹ́tà méjì ní yàrá oúnjẹ. Olúfẹ́mi ni àkọ́kọ́, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù mú lẹ́yìn. Àkànbí ni ìkejì. Àwọn alásè lu ìkòkò. Gbogbo ojú wá yí sí Táòfíkì, wọ́n ń retí. Ọ̀gá gbọn ọwọ́ tó ṣófo.

"Ó tán," ó ní. "Méjì ni wọ́n pè."

Àwọn alásè gbé ìkòkò kalẹ̀. Táòfíkì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó pa á títí, ó dìde lọ dì mọ́ Olúfẹ́mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ l'Ékòó pé Ìlọrin lẹ ti wá o." Hajarat wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo búrẹ́dì. Ó ṣòro fún un láti mọ ohun tí ó gbé.

Láti ọjọ́ náà, bí Hajarat bá ti ń bọ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, Táòfíkì á béèrè bí ẹni tí kò jámọ́ nǹkan kan fún: "Kò sí tèmi ṣá?"

"Kò tíì sí."

"Ó ṣeé ṣe kó sọnù lọ́nà."

"Ó ṣeé ṣe."

Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò béèrè mọ́.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì jáde láti sin Olúfẹ́mi àti Àkànbí dé ẹnu ọkọ̀. Táòfíkì bá wọn gbé ẹrù. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, àpò tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mò ń padà sóko lónìí," ó ní nígbà tí Hajarat bá a. "Ọkà ti ń gbó. Bàbá mi nìkan ló ń lé ẹyẹ."

"Títí dìgbà wo?"

"Kí ni mo tún ń ṣe níbí? Kóòṣì ń sọ fún mi pé mo dáa, ẹ̀yin náà ń sọ ọ́, mo sì gbà gbọ́. Mo tilẹ̀ ń wo ìṣó yẹn lára ògiri bí mo bá ń kọjá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí mo ṣì lè jù ú ni àwọn ará Èkó wá wò wá níbi ìdíje, Hajara. Apá mi ò ṣe nǹkan kan nígbà yẹn. Wọ́n wò mí, wọn ò sì rí nǹkan kan. Apá yìí kọ́ ló lé mi kúrò. Bàbá ẹ ò jẹ mí ní nǹkan kan. Mi ò kúkú tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

Ó ń tù ú nínú ni. Ó rò pé ohun tó ń pa Hajarat lẹ́kún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òun ń mú kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni. Ó sàn kéèyàn mọ̀ ọ́n."

Hajarat wo ojú rẹ̀. Bó bá fún un, á mọ ohun tó sọnù, á mọ ẹni tó fi í pa mọ́, á sì mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n ń dúró dè é ní Èkó, tí apá rẹ̀ kò lè gbé bọ́ọ̀lù dé ìdajì pápá. Bí kò bá fún un, á gbé ọ̀rọ̀ tó sọ yìí lọ sí oko, á sì máa gbà á gbọ́ títí tó fi máa darúgbó. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ṣeé gbé. Martha yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣọ, ó rí wọn, ó padà sẹ́yìn.

Hajarat kúnlẹ̀ sórí òkúta. Ó ṣí àpò, ó mú àpò-ìwé gígùn náà jáde. Igun rẹ̀ méjèèjì ti wọ́, ó ti dọ̀tí níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú.

"Láti ọjọ́ kẹfà oṣù tó kọjá ló ti wà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Orúkọ yín ló wà lára ẹ̀."

Ó sì gbé e fún un.